Ike Ìtòyín Kì í Gba Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Ẹni

Kò di dandan mọ́ lóde òní kí ẹni tó fẹ́ to eyín rẹ̀ gbé wáyà sẹ́nu. Ní 1997 ni Zia Chishti àti Kelsey Wirth dá ilé-iṣẹ́ Align Technology sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California. Ní 1998, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ọjà wọn tí wọ́n pè ní Invisalign. Láti ìgbà náà ni ike tó mọ́ gaara yìí ti ń tàn kálẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ti ń ṣe tiwọn, àwọn dókítà eyín ní London, ní Houston àti ní Èkó sì ń lò ó. Ike náà tinrín, nǹkan bíi mìlímítà 0.75 ni. Ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni wọ́n ń ṣe é: ẹni tó ń lò ó á máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, èyí tó kàn á sì ti eyín díẹ̀ sí i, nǹkan bíi mìlímítà 0.25. Wákàtí 20 sí 22 ló yẹ kó wà lẹ́nu lójúmọ́; oúnjẹ àti ìfọyín nìkan la ń torí rẹ̀ yọ ọ́. Gbogbo èyí ni àwọn tó ń tà á máa ń ṣàlàyé yékéyéké. Ohun tí wọ́n sábà máa ń fò ni pé lọ́jọ́ kìn-ín-ní, bí oníbàárà bá ní kóun sọ pé "ẹ káàsán, sà", s inú rẹ̀ á máa fẹ́ bí atẹ́gùn tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn.

Ibi tí wọ́n ti fò ó yẹn ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti fi dá lójú pé kò ní mọ nǹkan kan lára á gbọ́ ohùn ara rẹ̀, á sì rò pé wọ́n wọn ẹnu òun ṣì ni, tàbí pé ahọ́n òun ló yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Kò ní pẹ́ tí á fi máa yọ ọ́ nígbà tí ìpè bá wọlé, nígbà tí ìpàdé bá bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àlejò bá kanlẹ̀kùn. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ní dá a láṣà rárá, torí wọ́n ti gbọ́ pé ó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Bí a bá wo bí ẹnu ṣe ń dá ìró, bí a bá wo ìró èdè Yorùbá fúnra rẹ̀, tí a sì wo ohun tí àwọn olùwádìí ti rí, a ó rí i pé àti ẹni tó ní kò sí nǹkan kan, àti ẹni tó ń sá, àwọn méjèèjì ló ṣì í. Ìyípadà wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìró díẹ̀ ló ń kàn, èyí tó ń kàn nínú ìró Yorùbá tún kéré sí i, ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ike náà lẹ́nu ló sì ń wò ó sàn. Ẹni tó ń yọ ọ́ kó tó lanu ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ fà á gùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú ẹnu. Láti pe s, ahọ́n máa ń ká etí rẹ̀ méjèèjì sókè, á fi kòtò tóóró sílẹ̀ láàárín, á sì sún mọ́ erìgì òkè láìjẹ́ pé ó dí ọ̀nà pa. Èémí tó bá gba inú kòtò náà kọjá á lọ gbá etí eyín iwájú, ibẹ̀ sì ni ariwo s ti ń jáde. Iṣẹ́ tó gba ìwọ̀n gan-an ni. Bí ọ̀nà èémí bá fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ tàbí tó há jù, ìró á yí padà lẹ́sẹ̀ kan náà. Ike ìtòyín wá bo eyín níwájú, ó bò ó lẹ́yìn, etí rẹ̀ sì dé ibi tí erìgì ti bẹ̀rẹ̀. Bí ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ bá jọ wà lẹ́nu, eyín ò tún ní pàdé bó ṣe ń pàdé tẹ́lẹ̀. Itọ́ tún wà níbẹ̀: ẹnu tí ohun àjèjì bá wọ̀ máa ń ṣe bíi pé oúnjẹ dé, á máa da itọ́, itọ́ yìí á sì máa dúró sáàárín ike àti ahọ́n fún ọjọ́ mélòó kan kó tó lọ sílẹ̀. Ní ti àwọn kókó kéékèèké tí dókítà máa ń lẹ̀ mọ́ eyín kí ike lè rí ibi dì mú, ojú ìta eyín ló sábà máa ń wà, nítorí náà ètè ló ń yọ lẹ́nu ju ahọ́n lọ.

Wàyí o, ká to ìró Yorùbá kalẹ̀, ká wo èyí tí ike náà lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ka Yorùbá ní iléèwé girama á rántí àwọn orúkọ tí olùkọ́ kọ sójú pátákó. Ètè ló ń pe b àti m, ike ò dé ibẹ̀. Ẹ̀yìn ahọ́n ló ń pe k àti g. P àti gb sì pa ẹ̀yìn ahọ́n pọ̀ mọ́ ètè, wọ́n fo eyín dá pátápátá. W, y àti h ò ní nǹkan án ṣe pẹ̀lú eyín iwájú. F ń fi eyín òkè kan ètè ìsàlẹ̀, ètè á kan ike dípò eyín, àmọ́ ó máa ń mọ̀ ọ́n kíákíá. T, d, n, l àti r jẹ́ afèrìgìpè. Ahọ́n á máa gbá etí ike nígbà tó bá ń pè wọ́n, wọ́n lè dún kì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ wọn ò ní ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Ó wá ku s, ṣ àti j. Mẹ́ta yìí ni gbogbo ẹjọ́ náà dá lé lórí, s ló sì jẹ̀bi jù nínú wọn.

Fáwẹ́lì ńkọ́? Ní 1979, Björn Lindblom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde àyẹ̀wò kan jáde, nínú èyí tí wọ́n fi ohun líle há àárín eyín àwọn ènìyàn kí àgbọ̀n wọn má lè lọ sókè sódò, tí wọ́n wá ní kí wọ́n pe fáwẹ́lì. Fáwẹ́lì náà jáde bó ṣe yẹ lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí ìdánrawò. Ahọ́n kàn gba ibòmíràn dé ibi tó ń lọ ni. Bí ohun tó ya ẹnu sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ò bá lè ba a, e, ẹ, i, o, ọ, u jẹ́, ike tí ò tó mìlímítà kan ò lè bà wọ́n jẹ́. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tún wá jìnnà sí ọ̀rọ̀ náà pátápátá, torí inú gògóńgò ni wọ́n ti ń wá, níbi tí tán-án-ná ti ń gbọ̀n. Ẹni tó ní òkèlè lẹ́nu tó fi imú kùn pé òun ń bọ̀, ohùn ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀, ẹni tó ń pè é láti ìta á ti gbọ́ pé "mò ń bọ̀" ló sọ, kò sì sí kọ́ńsónáǹtì kankan tó jáde. Nínú èdè tí ohùn ń ru ìtumọ̀ tó báyìí, ẹni tí s rẹ̀ ń fẹ́ ṣì di púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú ṣinṣin.

Èyí ló jẹ́ kí n máa rò pé ìwé ìmọ̀ràn tí wọ́n ń pín fún àwọn tó ń lo ike náà, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti elédè Gẹ̀ẹ́sì, ń dẹ́rù ba Yorùbá ju bó ṣe yẹ lọ. Gẹ̀ẹ́sì ní s, ó ní z, ó sì ní ìró méjì tí wọ́n ń fi th kọ, èyí tí ahọ́n gbọ́dọ̀ yọ dé etí eyín kó tó lè pè wọ́n. Yorùbá ò ní z, kò ní th. Ọ̀pọ̀ wa tó sì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ń fi t tàbí d pe th náà láti ilé wá, nítorí bẹ́ẹ̀ ike ò rí ohun tó máa gbà lọ́wọ́ wa níbẹ̀. Ẹni tó bí ọmọ sí London tàbí Houston, tí ọmọ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí àwọn ọmọ ibẹ̀, lè gbọ́ ìyàtọ̀ lẹ́nu ọmọ náà nígbà tó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ju ìgbà tó bá ń kí ìyá àgbà rẹ̀ lórí fóònù lọ.

Ẹnì kan lè wá sọ pé s àti ṣ nìkan ti tó láti da ọ̀rọ̀ rú. "Ó sá a" yàtọ̀ sí "ó ṣá a"; ẹni tí wọ́n sá lè máa rẹ́rìn-ín, ẹni tí wọ́n ṣá ń lọ sí ọsibítù. Sẹ́ àti ṣẹ́, sàn àti ṣàn, wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí tọ́, mi ò sì fẹ́ fojú di í. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé s máa ń di ṣ lẹ́nu ẹni tó wọ ike ìtòyín. Ariwo àárín rẹ̀ ló máa ń fẹ̀ sí i tàbí kó rọ̀, tàbí kí fèé díẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde. Yàtọ̀ sí èyí, etí Yorùbá ti mọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń pe iṣu ní "isu", tí wọ́n ń rà á tí wọ́n ń tà á, kò sì sí ẹni tó ń gbé ata fún wọn dípò rẹ̀. A máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, a kì í ṣi ọ̀rọ̀ wọn gbọ́. Ìró tó yí díẹ̀ lẹ́nu ènìyàn kan, tí gbogbo gbólóhùn yòókù sì dúró, etí á tún un ṣe kó tó dé ọpọlọ. Bákan náà ni ẹni tó ní èjí fífẹ̀ níwájú ṣe ń pe s tirẹ̀ lọ́nà tirẹ̀, ẹwà la sì kà á sí. (Ó yẹ kí ẹni tó ní èjí tó wù ú sọ fún dókítà kó tó fọwọ́ sí ètò ìtọ́jú, torí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń ṣètò ike lè kà á sí àléébù kó sì pa á dé.)

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń padà bọ̀ sípò ni mo fẹ́ dúró lé jù. Ní 1997, Shari Baum àti David McFarland, olùwádìí ní Kánádà, ṣe àjà ẹnu àtọwọ́dá tó nípọn lápá erìgì, wọ́n fi í sẹ́nu àwọn ènìyàn, s wọn sì bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n wá ní kí wọ́n máa ka ọ̀rọ̀ tí s kún inú rẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan, wọ́n sì ń yẹ ìró wọn wò bí àkókò ṣe ń lọ. S náà sunwọ̀n láàárín wákàtí yẹn. Àjà àtọwọ́dá yẹn nípọn ju ike ìtòyín lọ fíìfíì. Ohun tí àyẹ̀wò náà fi hàn wúlò fún wa: ọpọlọ kì í dúró de ahọ́n kó ṣèèṣì rí ọ̀nà, ó ń gbọ́ s tí kò dára, ó ń fi wé èyí tó fẹ́ gbọ́, ó ń yí ahọ́n padà díẹ̀díẹ̀ títí méjèèjì yóò fi sún mọ́ ara. Ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀ ò fún ọpọlọ ní ohun tó máa fi wé nǹkan kan. Ẹni tó sì ń yọ ike tó ń sọ̀rọ̀, ẹnu àtijọ́ ló ń kọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kì í ṣe ẹnu tuntun.

Ní ti ike ìtòyín gan-an, àwọn olùwádìí ti fi ìbéèrè wádìí lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó, wọ́n sì ti gba ohùn wọn sílẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì kì í sọ ohun kan náà, ó sì yẹ ká má fi èyí pamọ́. Ẹni tó ń lò ó sábà máa ń ní lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òun ò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìwádìí kan lórí Invisalign tó jáde ní 2022 nínú ìwé àtìgbàdégbà Angle Orthodontist rí i pé ọ̀rọ̀ sunwọ̀n láàárín oṣù 2, síbẹ̀ kò tíì dé ibi tó wà kí ike tó wọlé. Alátakò á ní: ṣé ẹ rí i, kò lọ tán. Ìdáhùn mi ni pé etí tí wọ́n kọ́ láti máa wá àṣìṣe ló rí ohun tó kù yẹn, etí tí ènìyàn fi ń rajà ní Bódìjà ò lè tètè mọ̀ ọ́n. Àti pé ìtọ́jú náà ní òpin. Ike náà á kúrò, s á sì padà sílé. Wáyà tí wọ́n ń fi sẹ́yìn eyín, níhà ahọ́n, ń da ọ̀rọ̀ láàmú ju ike lọ, àwọn ènìyàn sì ń gbé e sẹ́nu parí ìtọ́jú. Ohun mìíràn tó ń tu ni lára ni pé ike kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ èkíní tán, ìyàtọ̀ wọn ò ju ìdínkù kékeré tó wà nínú àyè eyín lọ. Ahọ́n ò ní tún bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Ike àkọ́kọ́ ló ní wàhálà.

Ìdí tún wà tí ìnira náà fi máa ń tóbi lójú ẹni tó ni ẹnu ju lójú ẹni tó ń gbọ́ ọ lọ. Ohùn ara wa ń gba egungun orí dé etí wa, ahọ́n sì ń sọ fún wa pé nǹkan wà níbẹ̀; ẹni tó jókòó ní ìsọdá tábìlì ò ní èyíkéyìí nínú ẹ̀rí méjèèjì. Tẹlifóònù náà tún wà níbẹ̀. Ìpè fóònù àtijọ́ kì í gbé ju ìró tó wà láàárín 300 sí 3,400 Hz kọjá, bẹ́ẹ̀ òkè 4,000 Hz ni ọ̀pọ̀ agbára s wà. Ìyẹn ni pé lórí irú ìlà bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ ọ ò tíì gbọ́ s rẹ dáadáa rí, ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló fi ń mọ̀ ọ́n. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp yàtọ̀. Ó gbé ìró tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, s tó ń fẹ́ á sì yọ. Nítorí náà, ẹni tó ń yọ ike kó tó gbé ìpè lásán ń ṣe wàhálà ọ̀fẹ́.

Àwọn kan wà tí ohùn ni iṣẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ wọn sì nira díẹ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ò lè sọ fún àwọn tó ń polówó ọjà lọ́dọ̀ rẹ̀ pé kí wọ́n ní sùúrù. Alága ìdúró tí wọ́n sanwó fún láti máa sọ̀rọ̀, kó máa kọrin, kó sì máa bá alága ìjókòó takùrọ̀sọ láti àárọ̀ Sátidé títí di ọ̀sán, ò ní fẹ́ kí makirofóònù gbé fèé rẹ̀ kiri gbọ̀ngàn. Mi ò rò pé ó yẹ ká fi agídí bá irú wọn lò. Bí alága bá yọ ike rẹ̀ fún wákàtí 4 lọ́jọ́ Sátidé, tó tún yọ ọ́ fún wákàtí 2 nítorí oúnjẹ àti ìfọyín, wákàtí 18 ló kù. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, a lè fi ara mọ́ ọn, kó ṣáà ti sọ fún dókítà. Olùkọ́ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti Mọ́ńdè dé Fráídè ni kò lè rí i gbé. Eyín tí ike ò tì tó ò ní tíì dé ibi tí ike tó kàn ń retí rẹ̀. Ike náà ò ní jókòó dáadáa, á máa mì lórí eyín, ike tó ń mì sì ń ba s jẹ́ ju èyí tó jókòó lọ. Báyìí ni ìtìjú ọ̀rọ̀ ṣe ń bí ọ̀rọ̀ tó burú sí i. Olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ì bá bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ nígbà tí iléèwé wà ní ìsinmi, kó sì máa wọ ike tuntun lálẹ́ kó tó sùn.

Àwọn àáfà tó ń ké Kùránì ní tiwọn lọ́tọ̀, ẹnu kì í sì í sábà kan ọ̀rọ̀ wọn. Ìlànà tajwīd mọ ibi tí ìró kọ̀ọ̀kan ti ń jáde: thā', dhāl àti ẓā' ń fẹ́ kí orí ahọ́n kan etí eyín òkè, sīn, ṣād àti zāy sì wà ní àdúgbò s wa. Ìró mẹ́fà yìí wà ní ibi tí ike bò gan-an. Ẹni tó ń ṣáájú ìrun ò lè ní kí etí àwọn tó wà lẹ́yìn òun bá òun tún un ṣe; ìpè náà fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́. Ní tèmi, kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yọ ike nígbà tó bá fẹ́ ké e ní gbangba, kó sì fi í sẹ́nu nígbà tó bá ń ṣe ìdánrawò nílé. Oṣù Ramadan tó jẹ́ pé ìgbà náà ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù tún ní àyè nínú, torí láàárín sààrì sí ìṣínu kò sí oúnjẹ tó máa torí rẹ̀ yọ ike, wákàtí tó sì ṣẹ́kù tó fún ìrun òru.

Ó tún ku àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ò sunwọ̀n rárá lẹ́yìn oṣù kan, méjì. Ní ibí yìí, mi ò ní sọ pé kí wọ́n ṣáà máa sọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe kí etí ike gùn jù lẹ́yìn eyín iwájú, kó máa gún ahọ́n. Ó ṣeé ṣe kí ike má jókòó délẹ̀. Dókítà á fi ayùn kékeré rẹ́ etí rẹ̀, tàbí kó fún wọn ní rọ́bà rírọ̀ tí wọ́n á máa gé mọ́lẹ̀ kí ike lè wọlé dáadáa, ọ̀rọ̀ náà á sì parí níbẹ̀. Èyí ni mo fi ń ṣiyèméjì sí ike tí wọ́n ń fi ìfìwéránṣẹ́ rà. SmileDirectClub ní Amẹ́ríkà, tó ń fi ike ránṣẹ́ sílé fún àwọn oníbàárà, wọ gbèsè ní September 2023, ó sì ti ilẹ̀kùn pa ní December ọdún náà, tí àwọn tí ìtọ́jú wọn ò tíì parí ò sì mọ ẹni tí wọ́n máa bi. Ike tó ń gún ahọ́n ń fẹ́ ọwọ́ dókítà, ìwé ìtọ́sọ́nà inú páálí ò lè rẹ́ ẹ. Ẹni tó ti ń kólòlò tẹ́lẹ̀, tàbí tí s rẹ̀ ti ń fẹ́ láti kékeré, kó sọ ọ́ ṣáájú, kí wọ́n má bàa di ẹrù ẹlòmíràn ru ike.

Dókítà tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ oníbàárà rẹ̀ ṣe ń lọ ò nílò ẹ̀rọ ńlá. Kó tó fi ike sí i lẹ́nu rárá, kó ní kó fi fóònù gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, kó ka gbólóhùn mélòó kan tí s, ṣ àti j kún inú rẹ̀, irú bíi "Ṣọlá ní kí Sàlámì jókòó ṣọ́ iṣu tóun sá sóòrùn", kó sì ka ti Gẹ̀ẹ́sì náà bí Gẹ̀ẹ́sì bá jẹ́ èdè iṣẹ́ rẹ̀. Kó tún ka ohun kan náà lọ́jọ́ tí ike wọlé, kó máa kà á sókè nílé fún ìṣẹ́jú mélòó kan lójoojúmọ́, kó sì tún gbà á sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kí ẹnì kan tí kò mọ èyí tó ṣáájú tẹ́tí sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí onítọ̀hún bá tọ́ka sí ti ọ̀sẹ̀ kẹrin láìṣiyèméjì pé òun ni kò dára, etí ike náà ni kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ wò.